Bẹ́líìtì Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọbáńtokò,
Abẹ́òkúta.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yin ń wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní Jámánì, oòrùn ń sè wá jinná níbí.

Ẹrù rẹ dé. O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun. Àmọ́ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ fún ọ: bẹ́líìtì ọkọ̀ eré-ìje tí o fi ránṣẹ́ kò sí nínú ọkọ̀ mi mọ́. Má tíì bínú. Gbọ́ tẹnu mi ná.

Ọjọ́ tó dé, n kò sùn. O mọ bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi, Mazda MX-5 yẹn, ṣe rí lára mi. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Adígbẹ. Ó nà án sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Ibo la ó dè é mọ́?" Méjì ti ìbàdí kò ṣòro, ibi tí bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá ti dè mọ́lẹ̀ ni a lò. Méjì ti èjìká ni wàhálà, torí ọkọ̀ náà kò ní àga ẹ̀yìn. Ó ní kí á lu ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn àga, kí á fi bóòtù dè é. Mo ní ó dáa. Ìwàǹwára ni, mi ò purọ́.

Mo wọ̀ ọ́, mo fà á le. Mo lẹ̀ mọ́ àga bí ìgbín lára igi, inú mi dùn dé orí. Mo gba ọ̀nà Òkè-Mọ́sàn, mo sáré díẹ̀, mo wá tẹ bíréèkì lójijì láti dán an wò. Bẹ́líìtì tó yẹ kó jókòó lórí egungun ìbàdí ti gun orí ikùn mi! Ti èjìká ló fà á gòkè. Ìdí mi sì ti ń yọ̀ lọ síwájú lábẹ́ rẹ̀.

Mo dé oríta Pánṣẹ́kẹ̀, n kò lè tẹ̀ síwájú láti yọjú wo apá ọ̀tún. Díẹ̀ ló kù kí n gbá ọlọ́kadà kan. Èpè tó gbé mi ṣẹ́, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ní Kútọ̀, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan dá mi dúró, ó bi mí bóyá ọkọ̀ òfurufú ni mò ń wà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Ọmọ ìlú wa, Wọlé Ṣóyínká, ni alága àkọ́kọ́ àjọ wọn lọ́dún 1988. Ká ní òun ló dá mi dúró, òyìnbó tó máa sọ sí mi, màá lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ ni.

Mo wá yà sí ìsọ̀ màmá rẹ ní Ìtòkú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo inú ọkọ̀: "Àjàní, ta ló pọ̀n ọ́?" Gbogbo aládìrẹ bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo tẹ bíréèkì. Wọ́n nawọ́ fa ti ikùn mi wò, wọ́n ní, "Òkè nìkan lo so. Ọ̀já tí kò gba abẹ́ ìdí ọmọ, ọmọ á yọ́ gba ìsàlẹ̀ bọ́."

Àkànní, mo jókòó síbẹ̀, mo la ẹnu. Ìdí gan-an nìyẹn tí bẹ́líìtì àwọn tó ń sá eré-ìje fi ní ẹsẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, èyí tó ń gba àárín itan kọjá, tó ń di ti ìbàdí mú nísàlẹ̀. Iléeṣẹ́ Schroth tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí apá èjìká kan rẹ̀ máa ń nà díẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí ìdí awakọ̀ má baà yọ̀. Tìrẹ kì í ṣe irú ìyẹn.

Lálẹ́, mo wá jókòó kàwé tó yẹ kí n ti kà ṣáájú. Ìlànà FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré-ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ni pé bẹ́líìtì èjìká kò gbọ́dọ̀ dà sísàlẹ̀ lẹ́yìn àga ju ìwọ̀n dígíríì 45 lọ, dígíríì 10 gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kó mọ. Tèmi ń lọ sílẹ̀ tààrà bí okùn kànga! Bí mo bá forí sọ nǹkan, ṣe ni yóò fa èjìká mi wálẹ̀, tí yóò tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, bẹ́líìtì tó bá ọkọ̀ wá á jẹ́ kí ara wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ èyí á na ènìyàn ró ṣánṣán. Nínú ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, orí mi ni yóò di òpó.

O máa ní kí n ri irin sẹ́yìn àga, kó lè gbé ọkọ̀ ró bó bá dojú dé. Mo rò ó. Irin yẹn ni orí tí kò dé àṣíborí yóò lọ gbá. Ká wá dé àṣíborí, ó tún kan ọrùn: ara dúró, orí tó ti wúwo sí i ń lọ síwájú. Torí ẹ̀ ni eré-ìje ọkọ̀ Formula 1 fi sọ HANS di dandan ní 2003, ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká tó ń so àṣíborí mú. Fojú inú wò mí nínú gbogbo ìyẹn, tí mò ń lọ ra mọ́ínmọ́ín ní Sápọ́n.

Èyí tó sì bà mí lẹ́rù jù, ìwé kankan kò sọ ọ́ fún mi. Bọ́tìnnì pupa ti bẹ́líìtì ọkọ̀, ọmọdé mọ̀ ọ́n tẹ̀. Tìrẹ, yíyí ni wọ́n ń yí i. Bí nǹkan bá ṣe mí lọ́nà Ṣàgámù, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi? Ọlọ́kadà, àbí ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ìgbà wo ni wọ́n máa mọ̀ pé yíyí ni?

Nítorí náà mo ti dá bẹ́líìtì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá ọkọ̀ wá padà sáyè rẹ̀, èyí tí o ń pè ní ti àwọn bàbá àgbà. Nils Bohlin ló ṣe é ní Volvo lọ́dún 1959, iléeṣẹ́ náà sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo aráyé. Bí mo bá rọra tẹ̀ síwájú, ó máa ń tú. Bí ọkọ̀ bá dúró gbì, á dì mú. Òun àti àpò afẹ́fẹ́ inú síárìn ni wọ́n sì jọ ṣètò pọ̀. Mẹkáníìkì ti dí ihò tó lu. Ó gba owó lílù, ó tún gba owó dídí.

Ó ku ọ̀kan, jọ̀ọ́ má jẹ́ kó dùn ọ́. Wo àmì tí wọ́n rán mọ́ bẹ́líìtì eré-ìje bí o bá tún fẹ́ rà: ọdún 5 péré ni FIA fún un, tìrẹ ti parí ní 2019. Okùn tí oòrùn ti jẹ, kò gbọ́dọ̀ tún gbé ẹ̀mí ènìyàn dání.

Màmá rẹ ló gbà á. Wọ́n ní ẹrù ni àwọn fẹ́ fi dè. Òun ló di àdìrẹ tí wọ́n kó lọ sí Èkó lọ́jọ́rú mọ́ orí ọkọ̀, wọ́n ní kò tú rárá. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá o lè rí méjì sí i.

Èmi ni,
Àjàní