Lẹ́tà sí Káyọ̀dé: má ra ẹ̀rọ tuntun fún mi

Ṣómólú, Èkó.

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ìlú òyìnbó o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

O ní o fẹ́ fi pírńtà tuntun ránṣẹ́ sí mi. O ṣeun, àmọ́ má rà á. Mo ti rí tòkunbọ̀ kan ní Computer Village, Epson Stylus Photo 1400, ó sì ti wà nílé mi. Fótò dúdú àti funfun nìkan ni mo fẹ́ máa fi í tẹ̀, kí la fẹ́ náwó lé yíǹkì aláràbarà tí mo máa yọ dànù fún?

Kátíríìjì mẹ́fà ló ń lò: dúdú, yẹ́lò, cyan tó jẹ́ irú búlúù kan, magenta tó jẹ́ irú pupa kan, àti cyan òun magenta tó fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá fẹ́ tẹ àwọ̀ eérú, ńṣe ló máa ń po àwọ̀ wọ̀nyí pọ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Fótò tó dára lábẹ́ iná inú ilé lè ṣe bí aláwọ̀ ewé tó o bá gbé e síta. Ṣé o rántí àwọn àwòrán irun obìnrin tí J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàfótò ọmọ Nàìjíríà yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968? Fojú inú wo irú irun yẹn kó máa ṣe bí ewé ẹ̀fọ́! Yíǹkì èédú ni mo fẹ́ rọ sínú kátíríìjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láti dúdú kirikiri dé eérú tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù. QuadToneRIP, ètò orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Roy Harrington, ló máa pín wọn.

Ọmọ tó ń tà á ò kọ́kọ́ fẹ́ tan ẹ̀rọ náà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà wo ara ẹ̀, ó ń dán!" Ta ló fẹ́ ra ara dídán? Orí tí yíǹkì ń gbà jáde ni ẹ̀mí ẹ̀rọ yìí. Inú ẹ̀rọ ni orí Epson wà, kì í bá kátíríìjì wá. Tí yíǹkì bá gbẹ mọ́ ọn pátápátá, ó ti tán nìyẹn. Mo ní kó tan jẹnẹ, mo so láàpútọ́ọ̀pù mi mọ́ ọn, a tẹ ìwé àyẹ̀wò. Ìlà tín-ín-rín ló máa ń jáde. Ibi tí ìlà bá ti já, ihò ibẹ̀ ti dí. Yẹ́lò ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí ojú kì í tètè rí i lórí bébà funfun, mo bá gbé e lọ sójú oòrùn. Cyan ló já níbì kan. A ní kí ẹ̀rọ fọ orí ara rẹ̀, ìlà so padà. Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ó ti ń pè mí ní ẹ̀ńjíníà.

Owó tó o fẹ́ fi ra ẹ̀rọ, yíǹkì ni kó o fi rà: pigment èédú o, ìyẹn èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú nínú omi, kì í ṣe dye tó ti yòrò pátápátá. Fi kátíríìjì tó ṣeé tún rọ kún un, kó jẹ́ èyí tó ní ṣípù tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Tí owó bá ṣẹ́ kù, bá mi mú bébà òwú tí kì í dán, A3+, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ ju A3 lọ. Bébà àwọn atẹ̀wé àdúgbò mi dára fún káàdì ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n yíǹkì máa ń ràn nínú rẹ̀, dúdú á wá ṣá. Fi wọ́n rán àbúrò rẹ tó ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Di àwọn ìgò yẹn dáadáa, kó má di pé a ń san owó aṣọ fún un.

Ní báyìí ná, mo ń fi yíǹkì aláràbarà tó bá a wá tẹ fótò kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí orí má bàa gbẹ. Fótò ìgbéyàwó rẹ ni mo fi ń ṣe é. Tètè ránṣẹ́ o, àwọ̀ ewé ti gba gbogbo agbádá rẹ.

Èmi ni,
Ṣẹ́gun