Ẹni tí ẹ ní kò lè wọlé ti wọ ọjà wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ gbé fọ́tò olùdíje kan jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ pè é ní aláwàdà, ẹ ní kò lè mú wọ́ọ̀dù rẹ̀ pàápàá. Lóòótọ́, ó lè má wọlé. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ta ata l'Ọ́jà Ìpàta ti rí ohun tó bà jẹ́.

Oríkì ló fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu sípíkà lọ́jọ́ tí mọ́tò rẹ̀ dé: Ìlọrin, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò. A pàtẹ́wọ́. Ta ni wọ́n máa ki ìlú bàbá rẹ̀ tí orí rẹ̀ ò ní wú? Àfi bó ṣe ní ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú, tí kì í kírun bíi tiwa, kó tètè palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́ kóun tó gorí àlééfà. Àtẹ́wọ́ oríkì ò tíì tán lọ́wọ́ àwọn kan.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni obìnrin tá a jọ wà lábẹ́ agboòrùn kan, onígbàgbọ́ ni. Kò fọhùn. Ó tú tòmátì tó ti tò sórí igbá, ó tún un tò, ó tún tú u. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi tó máa ń jẹun nínú abọ́ rẹ̀ bi mí pé, "Màmá, ṣé tí wọ́n bá dìbò tán ni wọ́n máa lé Màmá Ọ̀mù-Àrán?"

Mùsùlùmí ni mí, mi ò sì fi ẹ̀sìn mi ṣeré. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Lóṣù Kejì ọdún 2021, ilé-ẹ̀kọ́ 10 ni ìjọba tì pa ní Ìlọrin nítorí aáwọ̀ híjáàbù. Lóṣù Kẹta, àwọn àgbàlagbà ń ju òkúta àti àga lura wọn ní Súrùlérè ti Ìlọrin níbí. Kò tíì pẹ́ tó láti gbàgbé.

Nàìjíríà ò gbà kí olùdíje dá dúró láìní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kan ló fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì dárúkọ ẹgbẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ ò tún sọ fún wa pé nínú Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, abala 97 ti sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà polongo ìbò lè san tó mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ti ẹgbẹ́ òṣèlú tó mílíọ̀nù 10.

Èyí tó dùn mí jù nìyí o. Ọ̀sẹ̀ kejì ni olùdíje ẹgbẹ́ ńlá kan dé Ìpàta. Òun ò ní kí ẹnikẹ́ni palẹ̀ igbá mọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní onílùú ló ni ọjà. Ó ti gbọ́ pé a pàtẹ́wọ́ fún ti àkọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ tó fún ọkùnrin yẹn ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í bóyá ohùn ẹgbẹ́ wọn lohun tó sọ l'Ìpàta. Èsì yòówù kó fọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ewé tí ẹ tẹ fọ́tò yẹn sí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláta, Ọjà Ìpàta, Ìlọrin