Lẹ́tà sí Bàbá Ọ̀yọ́ lórí ìlù tí à ń lù fún àlejò

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà mí láyè láti kọ èsì mi síbi tí gbogbo ọmọ Àyàn tó wà káàkiri á ti lè kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti agboolé wa nìkan.

Ẹ ní ọmọ yín ò gbọdọ̀ lọ lu ìlù ní òtẹ́ẹ̀lì tó pè é l'Ékòó. Ẹ ní ìlù tí a bá ń lù fún ẹni tí kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ariwo ni. Ẹ tún ní bí ọmọ Àyàn bá ti ń dúró ti tábìlì oúnjẹ kí àlejò lè máa yà á ní fọ́tò, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbàgbé oríkì ilé baba rẹ̀. Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n èmi àti ọkọ mi ti lọ sí Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì, látìgbà náà, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀ yín.

Àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Plaka, lábẹ́ òkè Acropolis gan-an. Ọ̀nà ibẹ̀ há. Òmíràn jẹ́ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ títí dókè, tí wọ́n to tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní taverna pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì máa ń ṣe eré alẹ́: ẹ ó máa jẹun, olórin á máa kọrin, àwọn oníjó á máa jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àlejò ló kún inú èyí tí a lọ, àwọn ará Jámánì, ará Amẹ́ríkà, ará Ṣáínà. Tábìlì àwọn Gíríìkì fúnra wọn ò pọ̀ rárá.

Oúnjẹ wọn dára. Wọ́n gbé tòmátì àti kùkúḿbà wá tí wọ́n fi wàrà feta lé lórí, òróró ólífì ń ṣàn lára rẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ewé àjàrà pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín wá, àti ẹran àgùntàn tó ti jinná kúrò lára egungun. Ọkọ mi mu ouzo, ọtí wọn tó máa ń di funfun tí wọ́n bá bu omi sí i. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ ká lọ sórí ìlù, èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ijó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni kalamatianos. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á yí agbo ká, ẹni tó ṣáájú á máa fì háńkáṣíìfù funfun. Méje ni ìlù rẹ̀ ń kà kí ó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá. Mẹ́ta ló ṣáájú, méjì tẹ̀ lé e, méjì tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mo kà á lórí ìka mi bí ẹ ṣe kọ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọkùnrin wá jáde pẹ̀lú aṣọ funfun oníṣẹ́po tó dé orúnkún, bàtà wọn ní ìdì òwú dúdú níwájú. Irú aṣọ yẹn ni àwọn jagunjagun wọn wọ̀ nígbà tí wọ́n dìde láti gba ara wọn lọ́wọ́ ìjọba Ottoman ní 1821. Tsamiko ni wọ́n jó. Ẹni tó ṣáájú á di etí háńkáṣíìfù kan mú, ẹni kejì á di etí kejì mú gírígírí. Ẹni iwájú á wá fò sókè, á da ẹ̀yìn dé ilẹ̀, á fi ọwọ́ gbá bàtà rẹ̀ lókè níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo ẹni tó ń fò. Èmi ń wo ẹnì kejì, torí mo sún mọ́ wọn débi pé mo ń rí iṣan ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń le, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí ó bá fi tú u sílẹ̀, ọ̀gá ijó á fi orí gbálẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

N ò ní fi ohun tó bí mi nínú pa mọ́ fún yín. Wọ́n mú obìnrin kan jáde tó ń jó ijó ìdí àwọn ará Lárúbáwá, èyí tí kì í ṣe ti abúlé Gíríìkì kankan. Ọkùnrin kan fi eyín gbé tábìlì, ó sì ń jó pẹ̀lú rẹ̀. Agbára ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó ń sọ. Wọ́n wá fa àwa àlejò dìde láti jó sirtaki, ijó tó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó sì máa ń yára títí ẹsẹ̀ á fi takora. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn rò pé láti ayébáyé ni. Ní 1964 ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ fún fíìmù kan, wọ́n mú u jáde látinú ijó àwọn alápatà tí wọ́n ń pè ní hasapiko. Ẹ̀yin fúnra yín dàgbà jù ú lọ. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín nìyẹn: bí a bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta oúnjẹ, ohun tó bá ń mú kí àlejò pariwo jù ló máa máa béèrè fún.

Wọn kì í sábà fọ́ àwo mọ́lẹ̀ mọ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ. Ìjọba ológun wọn fòfin de ìyẹn ní 1969. Òdòdó ni wọ́n ń jù lu olórin báyìí, tàbí tíṣù orí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ní àwọn abúlé wọn, pàápàá lápá Epirus, bí orin bá wọ oníjó lára, yóò yọ owó, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ẹni tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì. Iwájú orí gan-an. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ìgbà tí ilẹ̀ ti ń lọ láti dá sí méjì, tí ọ̀pọ̀ àlejò ti lọ sùn, ni ohun tí mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá kan tó bá ìdílé rẹ̀ jókòó sí igun lọ bá àwọn onílù, ó sọ̀rọ̀ sí ọ̀kan nínú wọn létí. Wọ́n mú orin kan wọlé, ó wúwo, ó falẹ̀, mẹ́sàn-án ni ìlù rẹ̀. Zeibekiko ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ló bọ́ sí agbo. Ó na apá méjèèjì, ó da ojú bolẹ̀, ó ń yí bíríbírí bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn àlejò tó kù fẹ́ wọlé bá a jó, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri sáré dì í lápá mú, ó sì rọra mú un padà lọ jókòó.

Ẹni tó bá sanwó orin zeibekiko, tirẹ̀ ni orin yẹn títí tí yóò fi parí. Ní 1973, ní ilé ijó kan ní Áténì yìí kan náà, ọkùnrin kan ní kí wọ́n kọ orin fún àbúrò rẹ̀ láti jó. Àwọn ọlọ́pàá kan tó wà níbẹ̀ bọ́ sí agbo mọ́ ọn. Ọ̀bẹ jáde, ọlọ́pàá mẹ́ta kú. Nǹkan búburú gbáà ni, mi ò yìn ín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo rí kì í ṣe eré. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n ju mi lọ: bí ìyáàlù bá ti ń ki ẹnì kan ní oríkì ìdílé rẹ̀, ta ni yóò bọ́ síwájú rẹ̀ lọ jó o?

Ọwọ́ àwọn onílù ni mo ń wò. Ẹni tó ń ta bouzouki, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, òun kan náà ló ti ń ta orin sirtaki fún wa láti ìrọ̀lẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù àwọn èèyàn. Bí bàbá yẹn ṣe bọ́ sí agbo, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ bàbá yẹn ló ń wò. Bí bàbá náà bá dúró, yóò fà á gùn dè é. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, yóò bá a lọ sílẹ̀. Iṣẹ́ alaalẹ́ fún àlejò kò tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

A bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sinmi. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ló ń túmọ̀ fún wa. Bí ọmọ náà ṣe gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, orúkọ Giannis Antetokounmpo ló kọ́kọ́ pè, agbábọ́ọ̀lù agbọ̀n, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí sí Áténì ní 1994, ó wá fi ọwọ́ lu àyà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Onílù náà sọ fún wa pé erékùṣù Naxos ni abúlé òun wà, pé kò sí ọdún tí òun kì í lọ síbẹ̀ fún àjọ̀dún Màríà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Laouto, ohun èlò olókùn mìíràn, ló máa ń gbé lọ síbẹ̀, òun àti onífáólìnì á sì lù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní owó Plaka ló ń jẹ́ kí òun lè dúró sẹ́nu iṣẹ́ orin láti ọdún dé ọdún, bí kò bá sí i, ọkọ̀ takisí ni òun ìbá máa wà.

Ẹ wò ó, zeibekiko fúnra rẹ̀, orin àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni. Lẹ́yìn tí Tọ́kì ṣẹ́gun Gíríìsì ní 1922, Kristẹni tó lé ní mílíọ̀nù kan ló sá tàbí tí wọ́n kó kúrò ní ilẹ̀ tó jẹ́ ti Tọ́kì lónìí wá sí Gíríìsì, orin àti ijó yìí sì wà lára ohun tí wọ́n gbé wá. Àwọn èèyàn ńlá kẹ́gàn orin rebetiko tó ti ibẹ̀ jáde, wọ́n ní orin àwọn ọmọ ìta ni, ìjọba tó dé ní 1936 sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbà kí wọ́n gbé e jáde. Ní 2017, àjọ àgbáyé UNESCO kọ rebetiko sínú ìwé àwọn ogún tó yẹ kí ayé dáàbò bò, ìwé kan náà tí wọ́n kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ yín sí ní 2023.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a gun òkè Philopappou lọ sí gbọ̀ngàn ìta gbangba tí wọ́n fi orúkọ Dora Stratou pè. Obìnrin yìí ló dá ẹgbẹ́ oníjó náà sílẹ̀ ní 1953. Wọ́n yìnbọn pa bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olóṣèlú, ní 1922 yẹn náà, wọ́n di ẹ̀bi ogun tí wọ́n pàdánù lé e lórí. Ọmọ ilé ọlá ni, síbẹ̀ abúlé dé abúlé ló ń lọ, ó ń kó ijó, orin àti aṣọ jọ. Aṣọ abúlé tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà ju 2,000 lọ. Ó kú ní 1988, wọ́n ṣì ń jó níbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà, àlejò ló ń rà á jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi eyín gbé tábìlì níbẹ̀. Bí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe ń jó tirẹ̀ ni wọ́n ń jó o.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlù kan tí wọ́n ń pè ní daouli. Olójú méjì ni, ńlá ni, èjìká ni wọ́n ń gbé e kọ́. Wọ́n ń fi kọ̀ǹgọ́ tó nípọn lu ojú kan, wọ́n á fi pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ lu ojú kejì. Ọkàn mi lọ sórí bàtá kíá, ọwọ́ lójú ńlá, bílálà lójú kékeré. Èyí tó nípọn ń pe ẹsẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń dá a lóhùn láàárín.

Bàbá mi, ẹ̀yin náà ń lù fún àlejò. Lọ́dọọdún ni àwọn ará Brazil àti Cuba ń wá sí ọdún Ṣàngó, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní òrìṣà ni àwọn yẹn bá wá, ìyẹn sì yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló mú kó yàtọ̀? Ẹ̀yin lẹ ń sọ ohun tí a ó lù, ẹ̀yin lẹ ń sọ ìgbà tí a ó dákẹ́. Ohun tó wà lórí òkè Philopappou nìyẹn, tí kò sí lọ́dọ̀ obìnrin oníjó ìdí yẹn.

Torí náà, ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pe ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ sọ fún un pé ìjúbà ló máa ń ṣáájú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé e kúrò. Ẹ sọ fún un pé ọmọ yín ò ní lu ohun tí kì í ṣe tiwa kí àlejò lè pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà nílé lásìkò ọdún, kí wọ́n má sì torí rẹ̀ dín owó rẹ̀ kù. Bí wọn ò bá gbà, a jẹ́ pé èmi náà ò ní bẹ̀ yín mọ́.

Mo ti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó ní láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, òun ò ní gbẹ́sẹ̀. Mo ti fi fídíò onídaouli náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó máa fi hàn yín tó bá délé lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wo ọwọ́ òsì ọkùnrin náà dáadáa, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ń sọ nǹkan àbí ó kàn ń dá ìlù sí. Mo máa pè yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Èmi ọmọ yín,
ní London