Títa yàtọ̀ sí ìfọwọ́kàn: ọ̀rọ̀ lórí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti iná inú ọ̀pá ẹ̀yìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà ti fi iná mànàmáná sí ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọn ti wá ń mọ nǹkan lára bí ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run dá. Inú mi dùn pé ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, nítorí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n: ọdún kẹfà rèé tí àtọ̀gbẹ ti gba ẹsẹ̀ òsì mi lábẹ́ orúnkún. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nìkan ni mo fẹ́ bá yín tún ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì dé ọjà.

Yunifásítì Pittsburgh ni iṣẹ́ náà ti wá. Ní 2020, àwọn olùwádìí ibẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ eLife pé àwọn ti ki wáyà tín-ín-rín sí ẹ̀yìn ọrùn àwọn mẹ́rin tí wọ́n ti gé lọ́wọ́, sínú àlàfo tó wà láàárín eegun àti awọ tó bo mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ki í wọlé. Wáyà ọ̀hún kì í ṣe tuntun. Irú èyí tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá fi ń dín ìrora ẹ̀yìn kù ni, láti ara iṣẹ́ tí dókítà Amẹ́ríkà kan, Norman Shealy, bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni ọgbọ́n wà: ẹ̀gbẹ́ mùdùnmúdùn náà, nítòsí gbòǹgbò àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ọwọ́ lọ sí ọpọlọ.

Ẹni tó bá ti fi ìgúnpá gbá etí tábìlì rí kò ní ṣe kàyéfì sí i. Ìgúnpá ló kọlu tábìlì, ọmọńdinrín ìka ló ń ta, nítorí pé ọpọlọ kì í bèèrè ibi tí wọ́n ti kan iṣan. Ibi tí iṣan náà ti ṣẹ̀ wá ló máa ń kà á sí. Bí wọ́n bá sì gé ẹsẹ̀ kúrò, iṣan náà ṣì wà láti kùkùté ẹsẹ̀ tó ṣẹ́kù títí dé ọ̀pá ẹ̀yìn, àwòrán ẹsẹ̀ náà kò sì kúrò nínú ọpọlọ. Ìdí rèé tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi tí wọ́n ti sin fi ń yún mi lóru. (Aládùúgbò mi kan ní kí n lọ hú ibi tí wọ́n sin ín sí, bóyá èèrà ló ṣù bò ó. N kò lọ.)

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Pittsburgh mọ nǹkan ní ọwọ́ tí kò sí mọ́, títí kan àwọn ìka. Kí ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ gan-an? Àwọn olùwádìí ní kí wọ́n ya ibẹ̀ sórí àwòrán ara, kí wọ́n sì yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu: ṣé ó ń ta bí iná, ṣé ó ń yún, ṣé ó ń gbọ̀n, ṣé ó dà bíi pé nǹkan tẹ̀ ẹ́, ṣé ó móoru. Àwọn kan sọ pé ó dà bí ìfọwọ́kàn tàbí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n títa pọ̀ nínú ìdáhùn wọn, ó sì máa ń kan kùkùté náà nígbà mìíràn. Ẹsẹ̀ tó ń ta nígbà tí ó bá kan ilẹ̀ wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ tó mọ̀ bóyá yanrìn ló tẹ̀ tàbí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kí àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó ń dùn wá kọ́ ló ń ta wá, ohun tó ń ro wá kọ́ ló ń gún wá, ẹsẹ̀ tó kú kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń jó. Síbẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí mo ń lọ, mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ ń ta mí, ìrora ló kọ sínú fáìlì, oògùn ìrora ni wọ́n sì fún mi fún oṣù mẹ́ta.

Iṣẹ́ wọn mìíràn, tó jáde ní 2023, ló kàn mí jù, nítorí pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n gé lábẹ́ orúnkún ni wọ́n lò, àtọ̀gbẹ sì ti ba iṣan àwọn méjì nínú wọn jẹ́. Àwọn kan ti ń so wáyà mọ́ iṣan inú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ gan-an tẹ́lẹ̀, èmi kò sì gbójú lé ìyẹn, nítorí iṣan ìsàlẹ̀ ni àìsàn mi kọ́kọ́ jẹ run. Àwọn ará Pittsburgh fi ohun tó ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sínú bàtà ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, bí ẹni náà bá sì ṣe ń tẹ ilẹ̀ ni iná inú ẹ̀yìn rẹ̀ ń lágbára tó. Ìdúró ẹnì kan nínú wọn gún sí i, ìrìn ẹnì kan dára sí i, ìrora ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ sì dín kù gan-an fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n, ìwádìí ni, wọ́n sì yọ wáyà náà nígbà tí ó parí. Ẹ kò sọ èyí nínú ìròyìn yín.

Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ iye ènìyàn tí wọ́n dán an wò fún, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn yẹn fi ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n mọ̀. Àwa tí a máa ń pàdé níbi tí wọ́n ti ń tún ẹsẹ̀ wa ṣe ṣe tán láti sọ tiwa fún akọ̀ròyìn yín, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó bi wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo