Kí o tó gun M1 lọ sí Leeds

Àkànbí ọmọ mi,

O kú ìpalẹ̀mọ́. Láísẹ́ǹsì rẹ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, M1, òpópónà márosẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo sì fẹ́ gùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn tó máa lẹ̀ mọ́ ọ nídìí, tí wọ́n á máa ṣẹ́ iná, ni yóò kọ́kọ́ bí ọ nínú. Tí o bá ń sá máìlì 70 ní wákàtí kan, ọkọ̀ rẹ á rin mítà 96 kó tó dúró: 21 á ti lọ kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan bíréèkì, 75 yòókù á tẹ̀ lé e. Má fi bíréèkì dẹ́rù ba ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ o. Wo dígí, tan tíráfíkétọ̀, bọ́ sí òsì, kó máa lọ. Òsì ni ààyè rẹ. Àárín àti ọ̀tún wà fún yíyà ẹlòmíì sílẹ̀.

Ní ti ẹni tó wà níwájú, wo òpó kan létí ọ̀nà. Bí ó bá ti kọjá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá 2 kí ìwọ náà tó dé ibẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, 4. Ẹnìkan á já wọ àlàfo yẹn dandan. Rọra gbé ẹsẹ̀, kí o dá àlàfo mìíràn. Bí èèyàn 10 bá já wọ ibẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 lo pàdánù. Àìsí àlàfo ló ń dá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí kò nídìí sílẹ̀: ẹnìkan tẹ bíréèkì díẹ̀, ti ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ẹni tó jìnnà sẹ́yìn á fi dúró pátápátá.

Láwọn ibì kan lórí M1, wọ́n ti sọ etí ọ̀nà di ojú ọ̀nà. Bí X pupa bá tàn lókè ìlà tí o wà, kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣófo lójú rẹ. Ọkọ̀ tó kú lè wà níwájú. Bí tìrẹ bá ń kọṣẹ́, wá ìyànà tó kàn. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, yà sí ibi ààbò aláwọ̀ ọsàn, yí táyà iwájú sí òsì, tan hásàdì, gba ilẹ̀kùn òsì jáde, kí o lọ dúró lẹ́yìn irin ìdènà etí ọ̀nà. Má gbé àmì onígun mẹ́ta sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bó bá kú sáàárín ọ̀nà tí o kò sì lè jáde láìléwu, má tú bẹ́líìtì, tan hásàdì, pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Fóònù ńkọ́? Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ níbi tí o ti ń wakọ̀, póìntì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ǹsì àti owó ìtanràn £200 ni. Póìntì 6 láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́ sì ti tó kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ, o wá tún ìdánwò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí táyà bá tutù, wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀; iye rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ki owó ẹyọ 20p bọ inú ilà tó wà lójú táyà: bí etí owó náà bá hàn síta, ìjìnlẹ̀ ilà náà lè ti dín ní mìlímítà 1.6, ìyẹn kò bófin mu. Ìyá rẹ ní o kò gbọdọ̀ pe òun àfi tí o bá ti páàkì.

Bàbá rẹ