Màámi, owó ń bọ̀

Mumbai,
18 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Àlàáfíà ni mo wà, àfi òjò tí ò jẹ́ ká gbádùn níbí, gbogbo títì ló kún fómi. Táíwò ni mo ní kó ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Táíwò, má fo ìlà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó. Mo ní owó páànù á ti dé kó tó di ọjọ́ 15, kò sì dé. Mi ò ná an. Owó wà, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà. Ọ̀gá aláṣọ tí mo ń bá kó ẹrù ránṣẹ́ sí Balógun ò tíì san owó iṣẹ́ mi. Ọmọ Mathura ni, ìlú kan lápá àríwá Íńdíà níbí. Bí ọjọ́ ìbí Krishna bá ti ń sún mọ́lé, ṣe ló máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, á kó ìyàwó àti ọmọ, ó di ilé, torí Mathura ni wọ́n gbà pé wọ́n ti bí òrìṣà wọn yẹn. Tọdún yìí wá le jù: ọjọ́ Jímọ̀ 15 ni àyájọ́ òmìnira wọn, Sátidé 16 ni Janmashtami, ìyẹn ọjọ́ ìbí Krishna náà, ọjọ́ Ìsinmi tún tẹ̀ lé e. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti lọ. Mo pè é, agogo àti ìlù ni mò ń gbọ́, ó ń pariwo láàárín rẹ̀ pé kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi balẹ̀. Kí tiyín náà balẹ̀, owó ń bọ̀.

Fídíò ọdún Krishna tí ẹ ti rí mi yẹn wá ńkọ́? Ta ló fi hàn yín gan-an? Ẹni tó bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síwájú ìyá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, tó ní ọmọ rẹ̀ ti di abọ̀rìṣà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ilé wa. Bísí ní ẹ ti mú orúkọ mi lọ fún àwọn aládùúrà, wọ́n sì ti ní kí ẹ gbààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹun.

Eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Dahi Handi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ọmọ tó fẹ́ràn wàrà àti bọ́tà ni Krishna nígbà tó wà ní kékeré, á sì máa jí i. Àwọn obìnrin àdúgbò á so ìkòkò wọn kọ́ òkè àjà, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gun ara wọn léjìká títí ọwọ́ wọn á fi tó o. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe títí dòní nìyẹn. Wọ́n á ta okùn láti orí ilé kan sí ìkejì, wọ́n á so ìkòkò amọ̀ tó ní wàrà dídì nínú mọ́ ọn. Àwọn géńdé á di ara wọn mú nísàlẹ̀, àwọn tó fúyẹ́ á gorí èjìká wọn, àwọn mìíì á tún gorí ìyẹn. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ń da omi lù wọ́n kí ẹsẹ̀ wọn lè yọ̀. Ọmọ tínńtín kan tó dé akoto ló máa ń wà lókè téńté. Ní 2017 ilé ẹjọ́ gíga ibí fọwọ́ sí i pé kí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14 má gùn ún mọ́, torí wọ́n ń já bọ́. Àwọn olóṣèlú ló ń gbé owó ẹ̀bùn kalẹ̀, kì í sì í ṣe owó kékeré. Ní Thane tó múlé gbè wá, ẹgbẹ́ kan gùn dé ipele 10 lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíì dèrò ilé ìwòsàn. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi sì bà mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé nǹkan pupa wà níwájú orí mi nínú fídíò náà. Ìyá onílé mi ló fi ìka kàn án nígbà tó gbé oúnjẹ fún mi láàárọ̀. Opó ni, ojú rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Lóru ọjọ́ Jímọ̀ mọ́jú Sátidé, èmi ni mo bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Láti àárọ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu títí agogo 12 òru fi lù, torí òru ni wọ́n ní wọ́n bí Krishna, nínú ẹ̀wọ̀n. Kansa ọba, arákùnrin ìyá rẹ̀, ló ti ìyá àti bàbá rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ kẹjọ tí obìnrin yẹn bá bí ló máa pa á. Bàbá ọmọ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó rù ú la odò Yamuna kọjá nínú òjò, ó lọ fi í sọ́dọ̀ obìnrin kan, Yashoda, ní abúlé Gokul. Màámi, ṣé ẹ rántí Hẹ́rọ́dù? Ẹ má sọ fún pásítọ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o.

Bí aago ṣe lù, màmá yìí mú kùkúńbà kan tí pòòpó tó fi so mọ́ ìtàkùn ṣì wà lórí rẹ̀, ó fi owó ẹyọ gé pòòpó náà. Ìwọ́ ọmọ ni wọ́n ń gé yẹn. Ó wá fi wàrà àti oyin wẹ ère kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó tẹ́ ẹ sínú ibùsùn kékeré tí wọ́n fi okùn so, ó ń fà á síwá sẹ́yìn bó ṣe ń kọrin sí i. Mi ò forí balẹ̀, mi ò gbàdúrà sí nǹkan kan. Tọ́ọ̀ṣì ni mo dì mú. Obìnrin yìí ò tíì béèrè owó ilé oṣù yìí lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n wá kọ oúnjẹ rẹ̀ ni?

Táíwò, ibi tó kàn ọ́ rèé, kà á sókè kí Màámi gbọ́. Owó pákó tí mo fi ránṣẹ́ nínú oṣù Kẹrin, pákó dà? Ilé tó wà nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, igi máńgòrò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà wo la gbin máńgòrò? Mi ò bá ẹ jà. Ṣebí èmi ni mo rán ẹ wá tọ́ ayé wò, mo sì mọ̀ ẹ́. Ṣáà lọ ya fọ́tò ilé wa, kí Màámi dúró síwájú rẹ̀.

Ọ̀gá aláṣọ ní ọjọ́bọ̀ òun á ti dé. Bó bá ti san án, mo máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àkáǹtì Bísí ni mo máa san án sí lọ́tẹ̀ yìí. Táíwò, ka ìyẹn náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Kẹ́hìndé.