"Phew" kì í ṣe ẹ kú iṣẹ́

Leeds,
Alẹ́ Sátidé.

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ilé ńkọ́? Bàbá Kúnlé ńkọ́? Mo rí fọ́tò ìkómọ yẹn, ẹ kàn ń dán ni.

Irú tó o fi rán Ìyá Ruka sí mi dá wàhálà sílẹ̀ o. Mo fi ro ẹ̀fọ́, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe ṣí ike yẹn báyìí, obìnrin kan fẹnu fẹ́ atẹ́gùn: "Phew!" Èmi mọ̀ pé ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ nìyẹn tó bá rẹ̀ wọ́n, tàbí tí wọ́n bá bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ni mo bá kí i pẹ̀lẹ́, mo ní kó wá jókòó. Ó wò mí títí, ló bá lọ ṣí fèrèsé. Àṣé imú ló ń bá a wí!

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu wọn. Àwọn kan á ní "Pooh!" Bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ ọmọdé náà ni wọ́n ń pè ní "poo". "Phwoar" ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bí ọkùnrin tó rẹwà bá kọjá, "Phwoar!" Bí ẹnì kan bá bọ́ bàtà tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń rùn, "Phwoar!" kan náà ni. Ojú wọn ni wàá wò kó o tó mọ èyí tí wọ́n ń wí. Àbúrò mi tó wà ní Houston ní "Pee-yew!" ni tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n á fà á gùn bí ẹni ń lé adìẹ.

Òtútù ti dé. Mo ti san owó ilé. Bàbá Dámi ti ríṣẹ́.

Dámi gan-an ni mo fẹ́ sọ. Lánàá tó ti iléèwé dé, irú wà lórí iná, ó fi apá aṣọ bo imú: "Eww, Mọ́mì!" Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sùn tán ni mo rí jákẹ́ẹ̀tì iléèwé ẹ̀ nínú ọ̀rá, ó ta á ní kókó méjì kí òórùn má baà wọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún méje! Mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá mi ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà, o sì mọ̀ wọ́n, irú ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì kí wọ́n tó wá páásípọ́ọ̀tù. Tọ́mọ yìí bá wá bo imú níwájú wọn ńkọ́? Jọ̀ọ́, yà kí wọn fún mi. Sọ fún wọn pé irú wooro ló dáa fún ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sá a kó gbẹ dáadáa. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ.

Pẹ̀tẹ̀ tèmi, ìwọ fi rán wọn sí mi. Dì í ní ọ̀rá mẹ́ta.

Èmi ni,
Ìyábọ̀